Ìdúró ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: bí ẹ ṣe lè fúnra yín kọ́ yíya àwòrán ènìyàn

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pẹ́ńsù ya ojú èèyàn títí tí yóò fi jọ fọ́tò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní. Wọ́n á fa ilà tó pín fọ́tò sí igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké, wọ́n á fa irú rẹ̀ sórí bébà, wọ́n á sì máa kó ohun tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí gbogbo rẹ̀ á fi pé. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń mówó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni tó ya irú ojú bẹ́ẹ̀ ya ẹni kan náà níbi tó dúró sí tó ń retí mọ́tò, láìsí fọ́tò. Èjìká á ga jù, ẹsẹ̀ á kúrú, gbogbo ara á gan. Dída fọ́tò kọ ló mọ̀, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ara.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí gba òdìkejì. Ìdúró ló ṣáájú, ìwọ̀n ló tẹ̀ lé e, eegun, ìmọ́lẹ̀ àti aṣọ ń bọ̀ lẹ́yìn, ojú ò sì gbọdọ̀ gba ipò iwájú. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yábàá, Ifẹ̀ tàbí Auchi, tí kò sì ní ọ̀gá kankan tó dúró tì í.

Ohun èlò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun èlò olówó gọbọi dẹ́rù bà yín. Pẹ́ńsù HB kan, 2B kan, 4B tàbí 6B kan, kílínà kan, àti abẹ tí ẹ máa fi gbẹ́ pẹ́ńsù, ó ti tó. Bí nọ́ńbà tó wà níwájú B bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀dì á ṣe máa rọ̀, tí á sì máa dúdú sí i. Abẹ dára ju ṣápúnà lọ, torí ẹ lè fi gbẹ́ ẹ kí lẹ́ẹ̀dì yọ gùn jáde, kí ẹ lè máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yà, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan. Tí ẹ bá rí èédú ayàwòrán, ẹ rà á. Èédú ìdáná le jù, ó máa ń ha bébà, àmọ́ ó wúlò lórí páálí.

Bébà ńkọ́? Bébà fọ́tókọpì A4, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ẹ̀yìn pósítà, gbogbo rẹ̀ ló dára. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ìwé ayàwòrán olówó ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣírò iye tí ojú ìwé kan jẹ́ kò ní láyà láti ya ogún àwòrán burúkú lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ogún àwòrán burúkú yẹn gan-an niṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pátákó. Ẹ wá pẹlẹbẹ plywood tó fẹ̀ ju bébà yín lọ, kí ẹ fi klíìpù mú bébà mọ́ ọn, kí ẹ gbé e sórí itan, kó fara ti tábìlì tàbí ẹ̀yìn àga tó wà níwájú yín. Tí bébà bá tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, apá òkè rẹ̀ jìnnà sí ojú yín ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní mọ̀gbà tí ẹ máa fa èèyàn náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí ẹ bá gbé e dúró lẹ́yìn tí ẹ parí lẹ máa tó rí i.

Ẹ má sì di pẹ́ńsù mú bí ìgbà tí ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kó sùn sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí àtàǹpàkò àti ìka méjì mú un, kí gbogbo apá máa lọ láti èjìká. Ilà tó ti orí èèyàn gba ẹ̀yìn lọ sí gìgísẹ̀ gùn ju ohun tí ọrùn ọwọ́ nìkan lè fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìdúró

Ẹ yí aago fóònù yín sí ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ya odidi èèyàn kan, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí ojú, kò sí ìka, kò sí bọ́tìnì. Ẹ fa ilà kan láti orí, kó gba ọrùn àti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ tó gbé ara ró. Ẹ fa ọ̀kan fún èjìká, ọ̀kan fún ìbàdí, kí ẹ tó wá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kejì sí i. Tí aago bá ti dún, ẹ ṣí bébà, ó parí. Ẹ ya ẹlòmíràn.

Ibi tí ìwúwo ara wà lẹ ń wá. Ẹ wo ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró pẹ́ lórí ìlà ní báńkì: kò ní pẹ́ tí á fi gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan. Kíá, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ yẹn á yọ sókè, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á relẹ̀, orúnkún ẹsẹ̀ tó ń sinmi á tẹ̀ díẹ̀. Èjìká á ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tí ìbàdí ti gòkè ni èjìká á ti sọ̀kalẹ̀, kí ara má bàa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ilà èjìká àti ilà ìbàdí kì í sábà tò dọ́gba. Ẹni tó bá fa méjèèjì dọ́gba nígbà gbogbo, sójà tó wà lórí pápá nìkan ló ń yà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ máa fi yẹ ara yín wò. Kòtò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọ̀fun, láàárín eegun méjì iwájú èjìká. Tí èèyàn bá gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, tí ẹ sì ń wò ó láti iwájú, kòtò yẹn máa ń wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ náà gẹ́lẹ́. Ẹ na pẹ́ńsù yín dúró lóòró, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ fi wò ó. Tí ẹsẹ̀ tí ẹ yà kò bá sí lábẹ́ kòtò yẹn, tí èèyàn náà kò sì fara ti nǹkan kan, àwòrán yín ti di adìyẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Èèyàn tí ẹ máa yà kún ìgboro. Kọ́ńdọ́ tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà dáńfó, gbogbo ara rẹ̀ di ilà kan ṣoṣo láti ìka tó fi di irin mú títí dé gìgísẹ̀. Obìnrin tó ru ẹrù, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ to lé ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ìbàdí nìkan ló ń mì. Ìyá tó pọn ọmọ, igbáàyà rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn kí ọmọ lè rí ibi jókòó sí. Mo ti rí àwòrán ìyá ọlọ́mọ tó pọ̀ tí wọ́n ya ìyá ní ìdúró ṣánṣán, tí wọ́n wá lẹ ọmọ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ojú ìyá dára, ojú ọmọ dára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ọmọ yẹn máa já bọ́.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yà. Tó bá jẹ́ ìyá tó ń dáná lójú ọ̀nà ni, ẹ kí i dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Àwòrán yíyà ni mò ń kọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ya bí ẹ ṣe jókòó ti iná yẹn? Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ o, ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi." Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ẹ má ya àwọn ní òbúrẹ́wà. Àwọn míì á ní àwọn ò fẹ́, ẹ dúpẹ́ kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ ẹni kan kí ẹ tó sọ fún un pé ẹ fẹ́ yà á, torí á rò pé ẹ tan òun. Ẹ bi òbí kí ẹ tó ya ọmọ. Ní ti ọlọ́pàá àti sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wàhálà ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ máa rí kọ́ lọ.

Tí ọwọ́ bá ti ń mọ́, ẹ sọ aago di ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà márùn-ún. Àmọ́ ẹ má fi ti ìṣẹ́jú kan sílẹ̀. Òun ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, torí òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ gan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwọ̀n

Ẹ na apá yín tán, kí ìgbọ̀nwọ́ má tẹ̀ rárá, kí ẹ di ojú kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnu pẹ́ńsù bá téńté orí ẹni tí ẹ ń yà, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí àgbọ̀n rẹ̀ dé lára pẹ́ńsù. Orí kan nìyẹn. Ẹ máa sún un sọ̀kalẹ̀ láti àgbọ̀n, kí ẹ máa kà á títí dé ilẹ̀. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá tẹ̀ nígbà kan tó sì nà nígbà mìíràn, gbogbo ìṣirò ti dàrú.

Àgbàlagbà tó dúró sábà máa ń tó orí 7 ààbọ̀. Àwọn ayàwòrán máa ń fà á dé 8 tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn ní ìyì, 8 sì rọrùn láti há sórí. Ìkíní parí ní àgbọ̀n, ìkejì ní orí ọmú, ìkẹta ní ìdodo, ìkẹrin ní ibi tí itan méjèèjì ti pínyà. Ìkẹfà bọ́ sí nǹkan bí abẹ́ orúnkún, ìkẹjọ sí ilẹ̀. Ẹ rí i pé ìkẹrin yẹn ni agbedeméjì ara. Ìdodo ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó wà láàárín, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń kúrú nínú àwòrán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bébà tún máa ń tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ẹ tó fa ilà kankan, ẹ sàmì sí òkè orí, ẹ sàmì sí ilẹ̀, ẹ wá sàmì sí agbedeméjì, kí gbogbo ara máa bọ́ sínú àmì mẹ́ta yẹn.

Ara yín fúnra rẹ̀ ni rúlà. Tí ẹ bá fi apá sílẹ̀ kó rọ̀, ìgbọ̀nwọ́ á bá ẹ̀gbẹ́ lókè ìbàdí dọ́gba, ọrùn ọwọ́ á bá ibi tí itan ti pínyà, ìka á dé àárín itan. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní àgbọ̀n: ìka á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ọwọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ má yà á bí ọwọ́ ọmọ ọdún méjì. Ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìka gùn tó apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ìka dé ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga yín.

Ọmọdé kì í ṣe àgbàlagbà tó kéré. Ọmọ tuntun tó nǹkan bí orí 4 péré, ọmọ ọdún mẹ́fà tó nǹkan bí 6. Tí ọmọ tí ẹ yà bá ń jọ bàbá kúkúrú, orí rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá dàgbà sáàárín ère Yorùbá lè máa ṣiyèméjì níbí, torí ojú rẹ̀ ti mọ́ orí ńlá. Ère Ọọ̀ni tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ ní 1957 dúró lódindi, orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Ṣé àwọn tó ṣe é kò mọ ìwọ̀n ni? Ẹ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ kan náà ní 1938: ìpéǹpéjú, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, bí ti alààyè. Wọ́n mọ̀ ọ́n tán, wọ́n wá fi orí ṣe olórí. Tí ẹ bá fẹ́ ya irú rẹ̀, ẹ yà á, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ọwọ́ ṣì yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó wà lábẹ́ awọ

Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà, ẹ ò sì nílò orúkọ gbogbo wọn. Àwọn tó súnmọ́ awọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí wọ́n máa ń hàn yálà èèyàn sanra tàbí ó tín-ín-rín: eegun iwájú èjìká, ẹnu ìgbọ̀nwọ́, kókó tó wà lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ níhà ọmọńdinrín, etí ìbàdí, eegun tó bo iwájú orúnkún, ojúgun, kókósẹ̀. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ fọwọ́ wá wọn lára yín lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wá wọn lára ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú kókósẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró, kí ẹ fi àtàǹpàkò kan kókó ti inú, kí ẹ fi ìka kejì kan ti ìta. Ti inú ga ju ti ìta lọ. Ó tún ku iṣan ẹ̀yìn ojúgun: tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, òdìkejì ni, ti ìta ló yọ ga jù, ti inú sì sọ̀kalẹ̀ sí i. Àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké méjì yìí nìkan, tí ẹ bá yà wọ́n bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ yín á kúrò ní igi, á di ẹsẹ̀ èèyàn. Ibi gbogbo lára ló rí bẹ́ẹ̀: ibi tí iṣan ti yọ ní apá kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ibi tó ti yọ ní apá kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ló wà láàárín ara tí kì í tẹ̀: agbárí, igbáàyà àti ìbàdí. Ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ tó so wọ́n pọ̀ ló ń tẹ̀. Ẹ ya igbáàyà àti ìbàdí ní àpótí méjì, kí ẹ yí wọn síbi tí ẹni náà yí wọn sí. Ẹ̀gbẹ́ tí àpótí méjèèjì ti súnmọ́ra, awọ á ká jọ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì á nà. Ẹni tó bá mọ èyí lè ya ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gbé korobá omi láìwo ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí apá kan ara bá dojú kọ yín. Ìyá alákàrà ni àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀. Ó jókòó lórí àpótí kúkúrú, ó dojú kọ yín, orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ, itan rẹ̀ ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ yín. Ọpọlọ á sọ fún yín pé itan máa ń gùn, ẹ ó sì fà á gùn, ìyá á wá jọ ẹni tó fẹ́ yọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. Ẹ fi pẹ́ńsù wọn ohun tí ojú rí. Ẹ ó rí i pé láti ìbàdí dé orúnkún kò tó ìbú itan fúnra rẹ̀. Ẹ gba pẹ́ńsù gbọ́. Orúnkún tóbi, ó bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilà orúnkún kọjá lórí ilà itan, kí ilà itan sì gé síbẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ máa ṣe fún un ni kí ẹ ya àlàfo. Apá tó na sí agbada epo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ká afẹ́fẹ́ kan mọ́ àárín. Ẹ gbàgbé apá, ẹ ya bí àlàfo yẹn ṣe rí. Ọpọlọ ò mọ bó ṣe yẹ kí àlàfo rí, kò ní lè purọ́ fún yín nípa rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá sì yà á tán, apá á ti bọ́ síbi tó yẹ.

Ọwọ́: ẹ máa ya ọwọ́ òsì yín lójoojúmọ́, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í sọ pé ó rẹ òun. Ẹ ya àtẹ́lẹwọ́ lódindi kí ẹ tó fi ìka sí i, kí ẹ sì ya ìka mẹ́rin papọ̀ kí ẹ tó pín wọn.

Ojú: ẹyinjú wà ní agbedeméjì orí gan-an, láàárín téńté orí àti àgbọ̀n. Gèlè àti fìlà kì í jẹ́ ká rántí pé orí ṣì ń lọ sókè lábẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí ẹyinjú fi máa ń ga jù. Ìbú orí tó ìbú ẹyinjú márùn-ún, àlàfo ẹyinjú kan sì wà láàárín méjèèjì. Ó tó nípa ojú fún ìsinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìmọ́lẹ̀ lára èèyàn dúdú

Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó wà níta, ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Lára awọ tó funfun, ibi tó ṣókùnkùn ló máa ń sọ bí ara ṣe rí. Lára awọ dúdú, ibi tó ń dán ló máa ń sọ ọ́. Ayàwòrán tó bá rí i pé ẹni náà dúdú, tó wá fi 6B kun gbogbo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ti pa á nù.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, kí ẹ pa gílóòbù tó wà lókè. Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹ má bínú, tọ́ọ̀ṣì kan tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ fún ojú yín pọ̀ títí tí ohun kéékèèké á fi pòórá, tí ohun méjì péré á fi kù: ìhà tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ìhà tí kò dé. Ẹ fa ààlà láàárín méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì kun ìhà òkùnkùn ní àwọ̀ kan, láìtíì wá ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe èyí nìkan, tí ẹ sún sẹ́yìn, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti hàn. Tí kò bá hàn, ààlà ni kí ẹ tún fà, ẹ má kàn máa kun dúdú lé dúdú.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá wo inú òkùnkùn. Ó máa ń dúdú jù lẹ́bàá ààlà, á wá mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní etí, torí ìmọ́lẹ̀ ta padà láti ara ògiri tàbí ẹ̀wù funfun. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà yẹn kò gbọdọ̀ mọ́ tó ìhà tí ìmọ́lẹ̀ gangan dé. Òjìji tó wà lábẹ́ àgbọ̀n àti lábẹ́ etí fìlà máa ń ní etí tó mú.

Ìgbẹ̀yìn ni dídán: iwájú orí, ẹ̀yìn imú, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀, orí èjìká. Lára awọ dúdú, ó máa ń kéré, etí rẹ̀ sì máa ń mú, pàápàá tí ẹni náà bá fi òrí para tàbí tó ń làágùn. Bébà tí ẹ kò kùn ni kí ó jẹ́. Ẹ má fi ìka pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ kó lè rí kúlúkúlú. Òróró ọwọ́ á ba bébà jẹ́, gbogbo etí tó mú á sì kú.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ fa àpò ìwé káákì ńlá ya, kí ẹ lo inú rẹ̀. Àwọ̀ bébà yẹn fúnra rẹ̀ ti di àárín àwọ̀ ara. Èédú tàbí 4B ń ṣe òkùnkùn, ṣọ́ọ̀kì funfun ń ṣe dídán, ibi tó kù ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún orí kan, kò sì sí ohun tó ń kọ́ni ní ìmọ́lẹ̀ kíákíá tó o. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì àti èédú fara kanra, kíákíá ni wọ́n á di eérú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: aṣọ

Ẹ ya ara kí ẹ tó ya aṣọ, kódà tó bá jẹ́ agbádá ló wà lára rẹ̀. Ibi tí aṣọ ti so rọ̀ ni kí ẹ máa wá. Agbádá so rọ̀ láti èjìká méjèèjì, apá rẹ̀ tí wọ́n ká lé èjìká sì to lé ara wọn níbẹ̀, ìṣẹ́po gbogbo sì ń ti ibẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Nísàlẹ̀, ara ò hàn mọ́ àfi níbi tó bá ti ti aṣọ: ikùn, orúnkún tó gbé síwájú tí ó bá ń rìn, ọwọ́ tó kó etí rẹ̀ sókè. Tí ẹ bá ya ibi mẹ́ta mẹ́rin yẹn bó ṣe yẹ, ibi tó kù lè jẹ́ ilà díẹ̀. Aṣọ òkè nípọn, ìṣẹ́po rẹ̀ fẹ̀, kì í pọ̀. Àǹkárá tuntun tó ṣì ní sítáàṣì máa ń ṣẹ́ ní igun tó mú. Bátànì ara aṣọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìṣẹ́po, kó gé níbi tí aṣọ ti ṣẹ́ wọlé. Tí bátànì bá lọ tààrà, aṣọ á jọ pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara.

Fọ́tò, àti bí ẹ ṣe máa rí àṣìṣe yín

Mi ò ní kí ẹ má lo fọ́tò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ya odidi èèyàn, ẹ má gbé fóònù sún mọ́ ọn láti òkè: orí á tóbi, ẹsẹ̀ á kéré, ẹ ó sì da irọ́ kámẹ́rà kọ. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ gbé fóònù sí déédéé àyà rẹ̀, kí ẹ wá fà á súnmọ́ lójú fóònù.

Tí ẹ bá ya nǹkan tán, ẹ gbé e síwájú dígí, tàbí kí ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ yí i sódì. Ojú tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká tó gùn ju ìkejì lọ, gbogbo rẹ̀ á fò jáde. Ẹ kọ déètì sísàlẹ̀ gbogbo àwòrán, títí kan àwọn burúkú, kí ẹ má sì jù wọ́n nù.

Ẹ lọ wo iṣẹ́ àwọn tó ti ṣe é pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ifẹ̀ àti ti Oníkàn ní Èkó kún fún orí àti ara tí ẹ lè jókòó yà, ère kì í sì í mira. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà lè rí kíláàsì tí èèyàn ti ń dúró láìwọṣọ kí wọ́n lè yà á, ẹ ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ wọlé. Nílé, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìwẹ̀wù nírọ̀lẹ́ lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èèyàn ju ẹyọ kan lọ

Aina Onabolu tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí kí ó tó rí ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ní 1906 ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, bẹ́ẹ̀ 1920 ló tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà dé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó, Mr. Perspective ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń tẹnu mọ́ ni bí nǹkan ṣe ń kéré sí i bó bá ṣe ń jìnnà sí ojú. Ohun tí ẹ máa lò nínú rẹ̀ láti ya ọjà kò ju òfin kan lọ.

Ẹ fa ilà kan kọjá lórí bébà, kó dúró fún gíga ojú yín. Tí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí àwọn èèyàn tó wà níwájú yín sì ga tó yín, ojú gbogbo wọn á bọ́ sórí ilà yẹn, àti ẹni tó súnmọ́, àti ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ wọn ni kò ní dọ́gba: ẹsẹ̀ ẹni tó súnmọ́ á wà nísàlẹ̀ bébà, ti ẹni tó jìnnà á ga sókè. Ọmọdé á wà lábẹ́ ilà, ẹrù tí wọ́n rù á wà lókè rẹ̀. Tí ẹ bá jókòó lórí àpótí yà wọ́n, ilà yẹn á sọ̀kalẹ̀. Bó bá gé ẹni tó súnmọ́ yín ní àyà, àyà náà ló gbọ́dọ̀ ti gé gbogbo àwọn tó dúró tí wọ́n ga tó o. Ẹ fi ẹni mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókèèrè, kí ẹ tó da gbogbo ọjà sórí bébà.